Bí Mansur Ṣe Wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Láṣọ

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ Mansur Rájí. Kì í jalè, kì í jà, kì í sì í bú àgbà. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é, kò sì sí oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kankan ní Ẹdẹ: kò lè gbọ́ kí wọ́n dárúkọ iṣẹ́ kan, kó má sọ pé òun ti ṣe é rí. Bí ẹ bá ní ẹ rí erin lọ́nà Sekona, Mansur á ní òun lòun fún un lóúnjẹ àárọ̀.

Ó gbé Èkó fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ń sọ káàkiri pé òun lòun ṣe gbogbo àwọ̀ tí ẹ ń rí lára ilé-ìfowópamọ́ ńlá kan níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ògiri ni wọ́n ní kó kùn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Kafilat, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò JAMB. Nígbà tí onílé gba àwọn yàrá tí wọ́n ń lò padà, Kafilat pinnu láti kó ẹ̀kọ́ náà lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ ìlú Ara àti Sekona pàápàá lè máa kọ́ ọ láti ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan bá a ṣe ìkànnì náà. Ẹ̀kọ́ ti wà nínú rẹ̀, ìbéèrè ti wà nínú rẹ̀. Ó wá ku tíìmù.

Tíìmù, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ni aṣọ tí ìkànnì ń wọ̀: àwọ̀ rẹ̀, àwòrán rẹ̀, bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe rí. Èèyàn lè bọ́ ọ kúrò kó wọ òmíràn fún un láìfọwọ́ kan ara tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kó wọn jọ pelemọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí aṣọ òkìríkà, kí kálukú máa ṣà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lójú Kafilat. Àwọn òbí ti ń ṣiyè méjì. Bí ojú ìkànnì yẹn kò bá fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo ni wọ́n máa kó ọmọ wọn lọ, gbogbo làálàá rẹ̀ á sì parí síbẹ̀.

Mansur wà ní pálọ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n fi tíìmù sílẹ̀ fún òun. Bùkọ́lá, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì, bi í bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Mansur ní èyí tí òun ti ṣe, òun ò lè kà á mọ́.

Kafilat mọ Mansur dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí Mansur sílé Rájí kí wọ́n tó gbé òun wọ ibẹ̀ níyàwó, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fi ọdún jù ú lọ. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ló ń pè é. Ta ló sì fẹ́ sọ fún Akọ̀wé pé kò mọ̀wé?

"Wọ́n ní ìwà lẹwà," ni Mansur wí. "Ṣùgbọ́n, ìyàwó wa, ta ló ń rí ìwà lórí fóònù?"

Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ara rẹ̀ di Ẹlẹ́wà Ìkànnì. Ó kọ ọ́ sórí Wọ́tsáàpù rẹ̀ gàdàgbà. Kò pẹ́ tí obìnrin kan láti Sekona fi bi í bóyá olóyin ni tàbí funfun, àti pé ṣé ó máa ń fi dòdò sí i.

Tíìmù àkọ́kọ́ tó rí wù ú débi pé kò dúró gbàṣẹ. Wúrà ni gbogbo etí rẹ̀, òdòdó ń já bọ́ láti òkè, àyè àwòrán méjì sì wà láàárín, nínú àmì ìfẹ́ pupa kan. Mansur ní àwọn olùkọ́ àgbà ni wọ́n ṣe àyè yẹn fún. Ó fi àwòrán Kafilat sí ọ̀kan, ó fi ti Ọ̀gbẹ́ni Olúṣọlá, olùkọ́ ìṣirò, sí ìkejì. Kò ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé inú àwọn méjèèjì dùn láti pè yín síbi ìgbéyàwó àwọn.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn òbí ti ń pe Ahmad, ọkọ Kafilat, lórí fóònù. Àwọn kan bá a kẹ́dùn. Ẹnì kan kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbọ́. Ahmad, oníṣòwò símẹ́ǹtì tí kì í pariwo, jókòó sórí ọjà rẹ̀, ó wo àwòrán náà títí, ó wá rọra bi àbúrò rẹ̀ léèrè ohun tí òun fi ṣẹ̀ ẹ́. Ní ti Olúṣọlá, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ìyàwó rẹ̀ kò bá a lọ sí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e.

Mansur ní àwọn ará ìlú yìí kò tíì lajú.

Ó bọ́ aṣọ ìgbéyàwó kúrò, ó wọ òmíràn fún un. Èyí dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìràwọ̀ ń fò kọjá nínú rẹ̀, yìnyín ń rọ̀, àwọn lẹ́tà sì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tójú ń tì. Ó wúwo. Kí ìràwọ̀ tó fò tán lórí fóònù àwọn ọmọ Ara, dátà wọn ti tán. Ìyá kan ní fóònù ọmọ òun gbóná tó èyí tí wọ́n lè fi yan àgbàdo. Nígbà tí Kafilat rọra mẹ́nu bà á, Mansur fi òwe dá a lóhùn, pé bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

"Àfi ẹni tí dátà ẹ̀ bá tán," ni Bùkọ́lá wí.

Kafilat wá pe gbogbo òbí sí ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n fojú ara wọn rí ìkànnì náà, kí wọ́n sì pinnu. Mansur bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ pé, ó wọ agbádá, ó ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn, ó sì tan ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde.

N ò ní ṣàbòsí: tíìmù kẹta yìí dára. Ó tutù lójú. Àwọn òyìnbó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ gígùn sì wà lábẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣé ẹ rí i, àwọn tó ń ṣe tíìmù máa ń fi ọ̀rọ̀ játijàti dí àyè, kí ẹni tó bá mú un lè pa á rẹ́ kó kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Mansur kò pa nǹkan kan rẹ́.

Fawziyah, aránṣọ tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń múra ìdánwò, béèrè irú èdè tí wọ́n kọ síbẹ̀.

"Èdè Látìn ni," ni Mansur wí. "Ìyá gbogbo ìmọ̀. Àdúà àṣeyege ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún àwọn ọmọ wa."

Àwọn kan ṣe àmín.

Bàbá Adébísí dìde. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, wọ́n sì kọ́ Látìn nígbà èwe wọn. Wọ́n nu gíláàsì ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀, wọ́n wo ara ògiri dáadáa.

"Kò lórí, kò nídìí," ni wọ́n wí. "Ọ̀rọ̀ kan ni mo dá mọ̀ níbẹ̀. *Dolor*. Ìrora ni."

Àwọn tó ti ṣe àmín wo ara wọn.

Mansur sáré tẹ ibi tí ẹ̀kọ́ wà, kí ọ̀rọ̀ lè yí padà. Òjò ti ń ṣú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ti ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Àwòrán kò wá, àwọ̀ kò wá. Ohun tó hàn kò ju òfìfo funfun lọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dúdú tó tò tẹ̀ léra: Ìṣirò. Gẹ̀ẹ́sì. Bàọ́lọ́jì. Òógùn bo Mansur. Ó ní ó ti bàjẹ́, kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Kafilat tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yí ojú síta.

Ṣùgbọ́n Fawziyah ti ṣí i lórí fóònù tirẹ̀. Ó tẹ Bàọ́lọ́jì, ohùn Bùkọ́lá sì jáde, ó ń ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ọkàn kọjá. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ dé òpin.

"Ibi tí mo ń wá láti ìgbà aṣọ ìgbéyàwó nìyí," ni Fawziyah wí. "Kí ẹ fi í sílẹ̀ báyìí."

Bàbá Adébísí ní ọmọ-ọmọ àwọn kò lọ Òṣogbo mọ́. Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Kafilat fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú.

Mansur tún agbádá rẹ̀ gbé léjìká. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí ṣe àṣekágbá ni, pé ibi tí ẹwà bá ti pọ̀ jù, ojú kì í rí i mọ́.

Kafilat kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Akọ̀wé, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ó gbà, bí wọ́n bá lè kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sókè pátápátá, pé òun ló ṣe é. Ahmad ní kí wọ́n bá a kọ ọ́, kí ilé lè tòrò. Láti ìgbà náà ni Mansur ti ń retí kí wọ́n pe òun láti Àbújá.

Ìpè àkọ́kọ́ bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rì, láàárín èrò. Ó sọ ohùn fóònù náà di ńlá kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ni ọmọbìnrin kan wí. "Ibtisam ni, láti Ara. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe ìkànnì ẹ̀kọ́ yẹn?"

"Èmi ni. Gbogbo ẹ̀ pátá."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi ìṣirò ni mo wà. Kí ló dé tí x kan ṣoṣo fi ní ìdáhùn méjì?"

Onígẹ̀rígẹ̀rì dá ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ dúró. Mansur wo fóònù, ó wo èrò, ó wú ikọ́ díẹ̀.

"Kó lè rẹwà ni," ó wí.