Àwẹ̀ró Tó Fún Ìbọn ní Èlùbọ́ Jẹ

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ̀yin tí ẹ ń ròyìn àwọn jagunjagun orí ẹṣin, ẹ̀yin tí ẹ ń ka iye ìlú tí ọ̀gágun kan fọ́ àti iye odi tí ó wó. Ẹ sún mọ́ ibí, kí ẹ wá gbọ́ ti akọni tí kò gun ẹṣin rí, tí kò gbé idà rí, tí ó sì ja àjàṣẹ́gun nínú ilé ìdáná ara rẹ̀, láàárín ìkòkò ọbẹ̀ àti agbọ̀n àlùbọ́sà. Àwẹ̀ró ni mo ń kí! Àwẹ̀ró ọmọ Ìbídùn, Ìbídùn tó fi abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo lé ogún eṣinṣin kúrò lórí ẹran ìgbéyàwó láàárín ọ̀sán gangan. Àwẹ̀ró ọmọ-ọmọ Fátóóyè, ọkùnrin tó gun igi obì nígbà tó pé ọmọ àádọ́rin ọdún, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láì ké sí ẹnikẹ́ni. Obìnrin kúkurú tí òjìji rẹ̀ ń gùn ju ti ọ̀pẹ lọ ní àárọ̀! Ó ru igi ìdáná kọjá odò láì fọwọ́ kan ẹrù! Ó wo ajá burúkú lójú, ajá rántí pé òun ní iṣẹ́ níbòmíràn! Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, ìmọ́lẹ̀ abúlé Ìdí-Ọsàn, mo júbà rẹ kí n tó ṣí ẹnu.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀tá yẹpẹrẹ ló bá jà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ rẹ̀. Ọdẹ́tókun ni, ọmọ ọdẹ, ọmọ ẹni tó pa ẹfọ̀n, tó sì tún pa èyí tó wá wo ẹfọ̀n. Òun fúnra rẹ̀, oko kòkó ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ro. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló pa rí, ní ọdún tí wọ́n bí Rẹ̀mílẹ́kún, ọ̀kẹ́rẹ́ náà sì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọdẹ wà lára rẹ̀, ó sì ga, ó gbórín, ohùn rẹ̀ sì ń mi pákó fèrèsé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò gbà. Aṣáà tó ń fín láti ogójì ọdún ti pa imú rẹ̀ kú, kò mọ̀.

Ní oṣù òjò kan, àwọn olè wọ ilé Jìnádù, ilé kejì sí tiwọn. Wọ́n gbé alùpùpù rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìgbátí kan tí kò jẹ́ kó gbọ́ràn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rù ba gbogbo abúlé. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró pàápàá, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ti Ọdẹ́tókun yàtọ̀. Ó gun orí àjà, ó sì gbé ìbọn ṣakabùlà bàbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ìbọn gígùn bí ọjọ́ ebi, ìbọn tó ti sùn fún ọgbọ̀n ọdún lábẹ́ okùn aláǹtakùn. Ó fi epo pa á títí ó fi ń dán. Ó ki ẹ̀tù sí i, ó ki ọta tẹ̀lé e, ó fi àkísà dí i, ó sì gbé e ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ní ọwọ́ ọ̀tún.

“Bí mo bá na ọwọ́ báyìí lójú oorun, ó yẹ kí ó bà á,” ó wí, ó sì na ọwọ́. Ó gbá fìtílà ṣubú. Ó tún na ọwọ́, ó sì bà á.

Àwẹ̀ró gbé fìtílà dìde. “Bàbá Rẹ̀mílẹ́kún, ta lẹ máa yìn ín fún?”

“Olè.”

“Báwo lẹ ṣe máa dá olè mọ̀ nínú òkùnkùn?”

“Ẹni tó bá wá lóru, olè ni.”

“Àna wa ńkọ́?”

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nínú oṣù rẹ̀ ní Òkè-Odò, oyún àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń retí. Bó bá ti bímọ, ọkọ rẹ̀, Akíndúró, ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ fún àwọn òbí ìyàwó, kí Ìyá lè tètè lọ wẹ ọmọ. Kò sí ẹni tó ń fi fóònù sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àna, ká tilẹ̀ ní fóònù ń gbà ní Ìdí-Ọsàn.

“Akíndúró ò ní wá lóru,” Ọdẹ́tókun wí. “Ọmọlúwàbí ni.”

“Ọmọ tó ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé ó ní aago lọ́wọ́ nínú ikùn?”

“Kó pè, a máa gbọ́ ọ.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í jẹ́ ká dáhùn!”

Òótọ́ ni. Òfin bàbá Ọdẹ́tókun ni pé bí wọ́n bá pe ènìyàn lóru, kò gbọ́dọ̀ dáhùn, nítorí a kò mọ ohun tó ń pè. Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti wọ ilé náà, wọ́n ti pe ilé náà lóru nígbà méje, ẹnikẹ́ni kò dáhùn rí. Wáyìí o: ìpè tí a kò ní dáhùn, ojú tí kò ríran, àti ìbọn tí ọwọ́ ń bà. Àwẹ̀ró ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó sì rí òkú àna rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀.

Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó gbé ìbọn padà sókè àjà. Ọkọ ní kí òun tó wá àga tí òun máa fi gun àjà, olè á ti kó ilé tán, á sì ti bu omi mu. Àwẹ̀ró ní kó yọ ẹ̀tù inú rẹ̀, kó fi òfìfo dẹ́rù ba olè. Ọkọ ní olè òde òní ń mọ òfìfo lójú. Àwẹ̀ró sunkún. Ọkọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó ní, “Àwẹ̀ró, bí wọ́n bá gbá ẹ létí bíi Jìnádù, kí ni mo fẹ́ wí?” Ó yí ojú sí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ìbọn.

Nígbà tí ẹkún àti ẹ̀bẹ̀ kò ṣiṣẹ́, akọni wa kò jagbe. Ó dúró, ó ń ṣọ́, bí ẹkùn ṣe ń ṣọ́ ibi tí omi ti ń sun.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, òjò rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, òrùlé sì jò sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ọdẹ́tókun ní ẹ̀tù inú ìbọn ti gba ọ̀rinrin. Ó fi okùn irin fa àkísà jáde, ó gbọn ẹ̀tù dànù síta, ó sì lọ ra òmíràn lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Èyí tó rà náà tún tutù díẹ̀. Ẹ sì mọ ibi tí àwọn ọdẹ ti ń mú ẹ̀tù gbẹ: wọ́n ń so àdó, kèrègbè kékeré tí ẹ̀tù ń gbé, rọ̀ sínú ooru lókè ààrò, níbi tí iná kò dé. Ọ̀gágun Ọdẹ́tókun gbé àdó ẹ̀tù, ó rìn kọjá àgbàlá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé ọ̀tá lọ́wọ́.

“Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, bá mi kọ́ ọ sókè ààrò. Màá gbà á ní ọ̀la.”

“Mo ti gbọ́, Bàbá.”

Ah! Ìlú wo ló tún ṣí ilẹ̀kùn odi rẹ̀ báyìí? Ọba wo ló fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra ránṣẹ́ sí ẹni tó dó tì í? Àwẹ̀ró ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó káṣọ mọ́ ìdí. Ó gbé àdó náà jìnnà sí iná, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì; adìyẹ kan ṣoṣo ló rí i, adìyẹ náà sì gbójú sílẹ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde sínú òjò, ó da ẹ̀tù sínú ihò lẹ́yìn balùwẹ̀, ó sì bu omi lé e, igbá kan, igbá méjì, igbá mẹ́ta, títí agbára alágbẹ̀dẹ fi di ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kó ọmọ ogun rẹ̀ jáde. Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, èlùbọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún, tó ṣú bí ọjọ́ tó fẹ́ rọ̀jò. Ó wò ó, kò dúdú tó. Ó dojú ìkòkò dé, ó fi ọbẹ ha èédú ìdí rẹ̀, ó pò ó mọ́ èlùbọ́, ó kù ú lẹ́ẹ̀kan, ó kù ú lẹ́ẹ̀mejì, asẹ́ ń ké ṣẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀rẹ̀ bí ẹṣin ogun tó ń sáré lórí òkúta. Eruku gòkè. Eruku wọ imú akọni. Ó pa ètè pọ̀, ó di imú, ó fi gbogbo agbára àwọn baba ńlá rẹ̀ mú un mọ́ra, síbẹ̀ ó sín, sínsín tó mi àwo lórí pẹpẹ.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀?” ohùn Ọdẹ́tókun dún láti yàrá.

“Ata ni, Bàbá!”

“Má fi pọ̀ jù o.”

Ó rọ èlùbọ́ sínú àdó, ó dí i, ó kọ́ ọ sókè. Ní ọjọ́ kejì, ní ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọjọ́ ti ń pa dé, ọkọ rẹ̀ gba àdó. Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e súnmọ́ imú. 

“Ẹ̀tù yìí dára,” Ọdẹ́tókun wí. “Ó ń rùn bí ogun.” Ó sì ki í, ó ki ọta mẹ́jọ tẹ̀lé e, ó fi àkísà dí i.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Ní òru ọjọ́ karùn-ún, kí àkùkọ tó kọ, ohùn kan dún lójúde: “Bàbá o! Ìyá o!”

Ọwọ́ Ọdẹ́tókun nà, ó sì bà á.

“Ohùn Akíndúró ni!” Àwẹ̀ró ti dìde jókòó.

“Dákẹ́! Kí lo rò pé àwọn ohun òru máa ń ṣe? Wọ́n mọ ohùn àna gbogbo ènìyàn.”

“Ìyá o! Ẹ dákun o!”

“Mo ń dáhùn o, Bàbá Rẹ̀mílẹ́kún, mo ti fẹ́ dáhùn!” Ó sì dáhùn, òun tí kò rú òfin náà rí. Ó kígbe pé, “Akíndúró, sá! Sá kúrò níbẹ̀!” Ṣùgbọ́n Ọdẹ́tókun ti ṣí fèrèsé gbàà, ariwo pákó sì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Akíndúró, ọmọlúwàbí, rí i pé fèrèsé bàbá ìyàwó òun ṣí. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ń ṣe níwájú àna? Ó dọ̀bálẹ̀. Ó nà gbọọrọ sórí ilẹ̀ tútù lábẹ́ fèrèsé, àyà àti ikùn.

“Ó ti ba!” Ọdẹ́tókun wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ó ń rá bọ̀!” Ó sì na ẹnu ìbọn síta.

Ní ìṣẹ́jú yẹn, ẹ̀rù kan tí kò ba Àwẹ̀ró rí gbá a mú. Ìbọn yìí, ṣé ọkọ òun gbọn ẹ̀tù àtijọ́ tán lóòótọ́? Bí ó bá ku ìwọ̀nba ṣíbí kan ní ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ó fò mọ́ apá ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ ti yìn ín.

Káká! Irin lu òkúta. Iná ṣẹ́ yẹ́ẹ́, ó kú.

Káká! Ó tún kú.

Ọdẹ́tókun yí ẹnu ìbọn sílẹ̀, ó sì gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń gbọn ìgò iyọ̀. Àkísà bọ́. Ọta mẹ́jọ tẹ̀lé e, tó, tó, tó, wọ́n sì bọ́ sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí àna. Lẹ́yìn wọn ni èlùbọ́ wá, dúdú, kíkúnná, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń dà sí orí Akíndúró bí ẹni tí wọ́n ń fi jẹ oyè.

“Bàbá,” Akíndúró wí láti ilẹ̀, kò gbé orí, “ẹ kú òru. Rẹ̀mílẹ́kún ti bí. Obìnrin ni. Ara ìyá àti ọmọ le. Wọ́n ní kí Ìyá máa bọ̀ wá wẹ ọmọ.” Ó fi ọwọ́ kan irun rẹ̀. “Bàbá, kí lẹ dà sí mi lórí?”

 Ọdẹ́tókun fi ìka kan ẹnu ìbọn, ó fi ìka náà sí ahọ́n. Imú lè kú, ahọ́n rẹ̀ kò kú. Ó gbé ìbọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, òun àna àgbà, ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó sì ń fi í nu orí ọmọkùnrin náà, ó ń nù ún, ó ń nù ún, nígbà tí kò sí ohunkóhun mọ́ níbẹ̀ pàápàá, ó ṣì ń nù ún.

Nígbà tó yá ó ní, “Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún. Kí lo fún ìbọn mi jẹ?”

“Èlùbọ́ ni, Bàbá. Ohun tó bá máa sùn nínú ilé mi, oúnjẹ ilé mi ló máa jẹ.”

Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí sí nǹkan mìíràn láàárín, ó fi fìlà tó dúdú náà nu ojú ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ọlọ́mọ-ọmọ ṣe wọ Òkè-Odò ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí gbogbo ìbátan ti pé láti sọmọ lórúkọ, Ọdẹ́tókun dìde, ó sì gbé ohùn tó ń mi pákó fèrèsé sókè. “Ẹ gbọ́ o, ará Ìdí-Ọsàn àti ará Òkè-Odò! Láti òní lọ, ìbọn kankan kò ní sùn nínú yàrá mi mọ́. Orí àjà ilé ìdáná ni yóò máa gbé, láìní ẹ̀tù, lábẹ́ àṣẹ obìnrin tó ṣẹ́gun rẹ̀. Bí olè bá dé, fèrè ni màá fọn, kí gbogbo yín jáde. Ẹni tó bá sì pè wá lóru, a máa bi í pé, ta nìyẹn? Ní ti ọmọ yìí, ẹ̀yin òbí rẹ̀ ti sọ orúkọ tiyín. Oríkì tí èmi fún un ni Àwẹ̀ró.”

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gágun, ẹ sọ idà yín kalẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ fọ́ odi, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà! Àwẹ̀ró ọmọ Ìbídùn ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ wẹ ọmọ, ọṣẹ dúdú ṣì ń bẹ ní ìgbúnwọ́ rẹ̀, àna rẹ̀ tó wà láàyè ló sì gbé àpò rẹ̀ tẹ̀lé e. Bí ẹ bá dé ilé ìdáná rẹ̀, ẹ wo òkè. Ẹ máa rí ìbọn tó ń dẹ́rù ba ẹfọ̀n nígbà kan, ó nà gbọọrọ lókè ààrò nínú èéfín, ó dákẹ́ bí ọmọ tó yó, àlùbọ́sà mẹ́tàlá sì ń fì dirodiro ní ọrùn rẹ̀.