Alága Tó Ṣàwárí Afọnfèrè

Bí ẹ bá fẹ́ kí Alàgbà Ernest bínú sí yín, ẹ sọ ohun tí kò gbọ́ rí fún un. Kò sí nǹkan tí bàbá yìí kì í kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ ní òjò rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, á ní òun ti mọ̀ láti àná pé yóò rọ̀. Ẹ ní ẹ ra bàtà tuntun, á ní òun lòun júwe ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹni tó júwe rẹ̀ fún yín. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí kò rí ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún mọ́, ló bá sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá nínú orin jáàsì. Ó ra fìlà òyìnbó kékeré kan. Bí orin bá ń lọ, á dijú, á mi orí, á wá pariwo "Ẹ̀n-hẹ́n!" níbi tí ẹlòmíràn kò ti gbọ́ nǹkan kan. Ta ni yóò bá a jiyàn ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Bó ṣe wà nìyẹn kí Zakariyah tó dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọmọ Alhaja Ràmọ́tà tó ń ta páànù. Fèrè idẹ ló ń fọn, ó sì mọ̀ ọ́n fọn débi pé àwọn orin tó gbà sílẹ̀ ti kárí fóònù gbogbo ìlú, látorí oníkẹ̀kẹ́ títí dórí ọ̀gá ilé-ìwé. Richard, ààrẹ Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Jáàsì, ló kọ́kọ́ gbé orin rẹ̀ dé ìpàdé ẹgbẹ́. Inú gbogbo wọn dùn, àfi ti ẹnì kan.

"Ọmọ yìí máa dé ibi gíga," Richard wí.

"Ṣé ọmọ tí mo ṣàwárí ni ẹ wá ń júwe fún mi?" Alàgbà Ernest dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò ṣeé dá padà. Richard wò ó títí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. A fẹ́ pe ọmọ náà wá fọn fèrè fún wa. Ìwọ tó o ṣàwárí rẹ̀ ni kó o ṣe alága ọjọ́ náà."

Háà! Alága! Ẹ̀yin náà mọ bí àga tó wà láàárín tábìlì iwájú ṣe ń wu ọmọ Ìjẹ̀bú tó. Alàgbà Ernest kò sùn dáadáa mọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí kan lọ́wọ́, ìyẹn orin Zakariyah tí Richard kò ní. Ló bá gba ọ̀dọ̀ Síkírù lọ, ẹni tó máa ń tún fèrè ṣe.

"Síkírù, ṣé o ní nǹkan ọmọ yìí kan lórí fóònù rẹ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́?"

"Ọ̀kan wà sà, láti ilé wọn ni wọ́n ti fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n sà, kí n ṣàlàyé..."

"Àlàyé kẹ̀? Èmi lo fẹ́ ṣàlàyé jáàsì fún? Fi ránṣẹ́!"

Ó dé ilé, ó pe Matilda ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó tan orin náà. *Pàààà... gbùrùùù...* Ohùn náà dákẹ́ díẹ̀. *Páà!* Lẹ́yìn náà, tíńtín báyìí: *fíìn.*

"Dádì, kí lẹni yẹn jẹ?" Matilda béèrè.

"Dákẹ́! Ṣé o gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ àárín yẹn? Ẹni tí ayé ti fìyà jẹ nìkan ló lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Fíìn ìparí yẹn ńkọ́? Áńgẹ́lì ló ń dágbére yẹn!"

Ní Sátidé, Zakariyah ń fọn fèrè ní gbọ̀ngàn kan ní Ayépé, bàbá náà àti Matilda sì lọ. Nígbà tó parí, Alàgbà Ernest dúró sí ẹnu ọ̀nà tó máa gbà jáde. Bí ọmọ náà ṣe rí àgbàlagbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ṣé o mọ̀ mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ ṣeun sà."

Alàgbà Ernest yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "O ò rí nǹkan? Ó mọ̀ mí!"

"Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ń gbálẹ̀ náà," Matilda wí.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Alága jókòó sáàárín tábìlì, ó fẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó sọ títí omi tútù tó wà níwájú àwọn àlejò fi gbóná. Nígbà tó yá, ó yọ fóònù.

"Orin tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi èmi tí mo ṣàwárí ọmọ yìí. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ pin sí nìyí!" Ó gbé fóònù sí ẹnu máìkì.

*Pàààà... gbùrùùù...*

Alága dijú. "Ẹ̀n-hẹ́n!"

*Páà! Fíìn.*

Zakariyah ń wo ilẹ̀. Alhaja Ràmọ́tà ló dìde láàárín èrò. "Astaghfirullah! Zakariyah, ṣé kì í ṣe ọjọ́ eku nìyí?"

"Ọjọ́ eku kẹ̀?" Alága la ojú.

"Ẹ má bínú o, Bàbá. Èmi ni mò ń fọn ún. Ọmọ mi lọ sí Èkó, ọmọ eku kan bá kó sínú fèrè rẹ̀. Mo fẹnu sí i kó lè bọ́ síta, ó kọ̀. Mo wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Síkírù, kó lè mọ ohun tó máa mú dání wá yọ ọ́."

Richard fọwọ́ nu ẹnu. "Alhaja, ìdákẹ́jẹ́ àárín yẹn ńkọ́?"

"Mò ń mí ni."

"Fíìn tó kẹ́yìn?"

"Eku nìyẹn."

Yéè! Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn. Ẹnì kan ṣubú kúrò lórí àga. Alàgbà Ernest sáré lọ bá Zakariyah.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé o mọ̀ mí."

Zakariyah dọ̀bálẹ̀. "Mo mọ̀ yín sà. Ẹ̀yin ni alága."

Àánú bàbá náà ṣe é ṣá. Ó dìde, ó gbé fèrè sẹ́nu, ó sì fọn *pàà* àti *gbùrù* ìyá rẹ̀. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó di orin. Ó dùn débi pé ẹ̀rín pa rẹ́, omi sì lé ròrò sójú Alhaja. Ó dé àárín, ó dákẹ́.

"Ẹ̀n-hẹ́n!" Alága pariwo.

"Mò ń mí ni, sà," Zakariyah wí.

Láti ọjọ́ náà ni Alàgbà Ernest ti búra pé òun kò ní yin orin kankan mọ́ láéláé. Ó kó fìlà pamọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, Matilda gbé fóònù tọ̀ ọ́ wá.

"Dádì, ẹ bá mi gbọ́ èyí."

Ó kọ̀. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti gbọ́ díẹ̀, ó sún mọ́ ọn. Ohùn náà nípọn, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé fúnra rẹ̀.

"Matilda, eléyìí mọ̀ ọ́n fọn! Ọmọ ta ni? Kí Richard má tíì gbọ́ o! Èmi ni mo ṣàwárí rẹ̀!"

"Ẹ̀yin ni," Matilda wí. "Lánàá, lórí àga yìí, lẹ́yìn tí ẹ jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán, tí ẹ ń hanrun."