Wáyà Olómi Wúrà Àkànó

Ó ti pẹ́ tí Àkànó ti máa ń bọ́ fìlà kí ó tó tan rédíò, torí ó ní fìlà a máa fa ohùn mu bí tìmùtìmù ṣe ń fa omi. Ajẹ́ńtì ni, ẹrù ló ń bá àwọn oníṣòwò gbà jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó bọ́ fìlà ní pálọ̀ wọn ní Ajégúnlẹ̀, ó tẹ́ wáyà tuntun kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Sàfíátù ìyàwó rẹ̀ kò wo wáyà. Igun tí sípíkà gogoro méjì gbà ni ó ń wò, níbi tó ti ń wù ú pé kí fírísà sóbò rẹ̀ wà.

"Ìyá Hàbíbàt, fọwọ́ kàn án. Olómi wúrà ni."

"Mo rí i, Bàbá Hàbíbàt. Ṣé ọrùn lẹ fẹ́ fi í sí ni?"

"Ẹ̀yìn sípíkà ni! Jámánì ló ti wá. Ohùn tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ńṣe ló máa dà bíi pé wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì lọ̀ ọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Chibuike tó tà á fún mi ní Liverpool Road."

"Ẹni tó tà á ló sọ pé ó dáa. Ó mà yà mí lẹ́nu o."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wáyà dúdú tí à ń lò yìí, ara áyọ́ọ̀nù tó bàjẹ́ ni mo ti yọ ọ́. Ohùn á kúrò nínú rédíò ní àlàáfíà, kó tó dé sípíkà, ó ti dà bíi tírélà tó gba ọ̀nà Àpápá."

"Owó àgbò lẹ kó lé wáyà, fírísà mi sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ayálégbé ló ń ṣí i. Sóbò tí mo fẹ́ gbé fún àwọn dírẹ́bà, kó tó di ọ̀sán, ìdajì rẹ̀ ti wọ ikùn àwọn tó ń kí mi pé ẹ káàárọ̀. Sípíkà yìí á bọ́ síta."

"Ká torí yìnyín lé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ síta?"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Màá dì yín lójú. Màá fi wáyà dúdú sí i, màá fi ti wúrà sí i, kí ẹ sọ èwo ni èwo. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, sípíkà jókòó. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, fírísà wọlé, ẹ̀yin náà lẹ ó sì tì í wọlé."

"Mo gbà. Mú ìborùn wá!"

Sàfíátù di ìborùn mọ́ ọn lójú pinpin. Wọ́n ń sọ bọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó kan lórí rédíò. Ó ki wáyà dúdú bọ ẹ̀yìn sípíkà.

"Èyí ńkọ́?"

Àkànó yínmú. "Dúdú ni! Ọ̀gbẹ́ni tó ń sọ bọ́ọ̀lù yìí, bí ẹni tó di òwú sí nímú ló ń dún."

 Ó mọ̀ ọ́n! Sàfíátù ti ń rí i bí àwọn ayálégbé yóò ṣe máa mu sóbò òun títí ayé. Ó yọ wáyà dúdú, ilé dákẹ́. Ó mú ti wúrà, ó ń wá ihò tí yóò kì í bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Tega, tó ń gẹrun ní òdìkejì títì, tan rédíò ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀: bọ́ọ̀lù kan náà, ó gba ojú fèrèsé wọlé gbùà.

"Háà!" Àkànó nà ró lórí àga. "O ti fi sí i!"

Sàfíátù wo wáyà ọwọ́ rẹ̀. Ó wo fèrèsé. Ó fìdí lé àga jẹ́jẹ́.

"Ṣé ó yàtọ̀ ni?"

"Ó yàtọ̀ kẹ̀! Ọ̀gbẹ́ni ti fun imú! Àfi bíi pé ìta wa níbí ló dúró sí."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe mí."

"Mo tún ń gbọ́ nǹkan tí n kò gbọ́ rí. Nǹkan kan ń kùn lábẹ́lẹ̀, hùùùn, bí oyin."

"Oyin, lórí pápá?"

"Atẹ́gùn pápá ni! Wáyà dúdú ló ń gbé e mì tẹ́lẹ̀. Dákẹ́ ná... ẹnì kan ń sọ̀rọ̀. Ó ní, 'Abeg, no touch my front o!'"

"Ta nìyẹn?"

"Gólì ni! Ó ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń ṣọ́ iwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí gólì ń sọ ní ìlú òyìnbó, mo gbọ́ ọ ní Ajégúnlẹ̀!"

"Pijin ni gólì òyìnbó ń sọ?"

"Kò sí èdè tí wáyà tó dáa kì í gbé."

Sàfíátù dìde, ó rọra gbé wáyà náà lé e nítan.

"Kí lo gbé lé mi nítan?"

"Olómi wúrà ni. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Àkànó tú ìborùn. Ó wo wáyà. Ó wo ẹ̀yìn sípíkà, kò sí ohun kan níbẹ̀. Ó wo fèrèsé: oníbàárà Tega fi ọwọ́ méjèèjì bo iwájú orí rẹ̀, ẹ̀rọ ìgẹrun ń kùn létí rẹ̀.

"Fírísà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀," ni Sàfíátù wí. "Ẹ rọra tì í o, sóbò wà nínú rẹ̀."

 Àkànó gbé sípíkà méjèèjì síta, ó gba ẹ̀yìn fírísà, ó ń tì í bọ̀ pẹ̀lú òógùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé igun, ó dúró.

"Ìyá Hàbíbàt."

"Ẹ tì í débẹ̀ ná."

"Mò ń tì í. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Wáyà tí kò tíì wọ inú sípíkà tó fi dùn tó báyìí, bó bá wá wọ inú rẹ̀ ńkọ́?"