Họ́ọ̀nù Olóyè Adéyẹyè

Gbogbo Ìsọlọ̀ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: Olóyè Adéyẹyè kì í kọjá níwájú ilé ìwòsàn láì tẹ họ́ọ̀nù. Bó bá ń lọ, á tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń bọ̀, á tẹ̀ ẹ́. Bó bá gbàgbé, á padà lọ tẹ̀ ẹ́.

Ọdún Údojì ni, tí ìjọba fowó kún owó oṣù, tí owó ń já lu èèyàn lórí bíi máńgòrò. Adéyẹyè, Ọba Sìmẹ́ńtì tí kò fọwọ́ kan ṣọ́bìrì rí, ra ọkọ̀ Mẹ̀sí-ọlọ́yẹ́, ó sì ní kí réwáyà, oníná ọkọ̀, fi họ́ọ̀nù olóhùn méjì sí i, èyí tí yóò máa wí pé: “Olówó ti dé.”

Ilé ìwòsàn wà lápá ọ̀tún, iléèwé wà lápá òsì. Ọmọ tuntun á ta gìrì. Ọmọ iléèwé tó ń ṣe ìṣirò á sọnù sáàárín méje lọ́nà mẹ́jọ.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́tọ́ṣọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó ní ọmọ kan tí oṣù rẹ̀ kò pé wà lọ́dọ̀ àwọn, oorun nìkan ló lè gbà á là, họ́ọ̀nù kò sì jẹ́ kó sùn.

“Nọ́ọ̀sì,” ni Olóyè wí, “aláìsàn tó gbọ́ ìró owó, ṣé ara rẹ̀ ò ní tètè yá ni?”

Nọ́ọ̀sì gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní àwọn fẹ́ ri pátákó ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn sì ń wá ẹni ńlá tí yóò ṣí i. Ojú Olóyè là. Ó gbà, bí orúkọ òun bá ti lè wà lókè pátápátá, kó sì tóbi ju ìkìlọ̀ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò, àwọn abiyamọ yọjú lójú fèrèsé, oníròyìn mú bírò dání. Olóyè dé pẹ̀lú họ́ọ̀nù. Kí oníròyìn má baà ṣì í kọ, ó bi àwọn ọmọ léèrè pé:

“Kí ni họ́ọ̀nù mi ń wí?”

Igba ọmọ dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ewúrẹ́ ti dé, sà.”

Họ́ọ̀nù ní ohùn, kò ní ètè. Olóyè ní kí Fákúnlé, awakọ̀ rẹ̀, tún un tẹ̀ kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn abiyamọ ló dáhùn, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán lójú abẹ ń rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú.

“Ẹ má bínú, Olóyè,” ni Fákúnlé wí. “Ewúrẹ́ lèmi náà ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí.”

Olóyè sáré fa aṣọ kúrò lára pátákó kí ọ̀rọ̀ lè yí. Ó rí orúkọ rẹ̀ lókè, gàdàgbà, bó ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́:

OLÓYÈ ADÉYẸYÈ
Ẹ má tẹ họ́ọ̀nù

Láti ọjọ́ náà, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń kọjá. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé yẹn ti ń sùn, ó ti ń sanra. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ewúrẹ́ tó bá ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn tí kò ké, ṣé kò yẹ kí wọ́n pè é wọlé, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò?