Igi Ọrọ́ Bàbá Ńlá Verlyn Stroud

Verlyn Stroud ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Èyí tó sọ ara rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: Àgbà Aṣálẹ̀, Ọmọ Onílẹ̀, Àrólé Àwọn Tó Kọ́kọ́ Dé. Ó ní fìlà darandaran mẹ́rin, kò ní màlúù kankan. Ó ní bàtà agẹṣin tí wọ́n fi awọ ejò rán, bẹ́ẹ̀ ìdí rẹ̀ kò kan ẹ̀yìn ẹṣin rí. Bó bá ń sọ̀rọ̀, á fún ojú pọ̀ bí ẹni tó ń wo òkè tó jìnnà réré, nígbà tó jẹ́ pé ilé ìtajà ìpápánu ló wà lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá ènìyàn ta ilé. Àwòrán ojú rẹ̀ wà lára gbogbo bẹ́ńṣì tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, àwọn bẹ́ńṣì tí ẹnikẹ́ni kò lè jókòó lé ní oṣù keje nítorí ooru. Ó wà lára ife, ó wà lára gègé, ó wà lára irinṣẹ́ tó fi ń ta àwọn oníbàárà lọ́rẹ: Verlyn, gbogbo eyín rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Ẹ má bínú sí i ju bó ti yẹ lọ. Ìlú wa ló kọ́ ọ. Agua Larga ni wọ́n ń pe ìlú náà, ìyẹn Omi Gígùn ní èdè àwọn Sípéènì, bẹ́ẹ̀ omi kan kò sí níbẹ̀ àfi èyí tí a fi kòtò oníkọnkéré fà wá láti òpin ìpínlẹ̀ Arizona. Oko òwú ni gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ra oko náà, ó kọ́ ilé márùn-ún síbẹ̀, ó fi ẹ̀rọ amúlétutù sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí yìnyín ti ń yọ ènìyàn lẹ́nu pé, ẹ máa bọ̀, oòrùn wà. Wọ́n wá láti Michigan, wọ́n wá láti Ohio, wọ́n wá láti Nebraska. Ilé márùn-ún di ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún sì di ìlú. A gbẹ́ adágún sínú iyanrìn, a tẹ́ koríko sí etí adágún, lẹ́yìn náà a kọ̀wé ẹ̀hónú pé ẹ̀fọn ń jẹ wá. Ẹgbẹ́ onílé ṣòfin pé àwọ̀ iyanrìn ni kí gbogbo ilé jẹ́, nítorí náà ẹni tó bá mu ọtí díẹ̀, ilẹ̀kùn aládùúgbò ni yóò máa fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ há.

Ohun kan ṣoṣo ni a kò ní: àtijọ́. Lóòótọ́, àwọn ènìyàn kan ti gbẹ́ ipa omi sí ilẹ̀ náà ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kò ní àwòrán lára bẹ́ńṣì, a kò kà wọ́n mọ́ wa. Ìlú mìíràn ní odi ayé ọjọ́un. Tiwa, odi tó pẹ́ jù ni ti ilé ìfọkọ̀.

Àfi igi ọrọ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà Verlyn ló wà, ó ga tó ilé alájà mẹ́ta, ó na apá méjì sókè bí ẹni tí olè ká mọ́ ìdí kọ́ńtà báńkì. Gbogbo ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ló ti ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lára òǹtẹ̀ ìlú. Ẹyẹ kan kò kọ́lé sí i rí, kò tanná rí, àpótí irin kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń kùn tọ̀sán-tòru. A ní bóyá ti ẹ̀rọ omi ni. Ní ti pé kò tanná, a ní bóyá ọjọ́ orí ni. Kí la mọ̀? Ibi tí igi ti ń wọ́wé ni gbogbo wa ti wá.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ títì dé ni igi yìí di ẹbí Verlyn. Ìlú ti kún, ìgbìmọ̀ ìlú sì fẹ́ la títì onílà mẹ́fà. Ọ̀nà méjì ló lè gbà: yálà kó gba inú ọgbà Verlyn kọjá, kó kó adágún ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti igi ọsàn rẹ̀ lọ, tàbí kó gba inú ilé Ardith Nowak, opó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tó ń gbé nínú èyí tó kù lára ilé márùn-ún àkọ́kọ́. Verlyn wo adágún rẹ̀. Ó wo igi ọrọ́. Òkóbó kì í bímọ sítòsí, nítorí náà Verlyn lọ bí bàbá ńlá rẹ̀ sí ọdún 1871.

"Lábẹ́ igi ọrọ́ yẹn," ó sọ fún ìgbìmọ̀, ọwọ́ lórí àyà, "ni bàbá ńlá mi tú ẹṣin rẹ̀ sílẹ̀. Ó mu omi tó kù nínú kèrègbè rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, 'Ibí ni ìlú máa wà.'"

"Ta ló ń sọ ọ́ fún?" Ardith bi í láti ìjókòó rẹ̀.

"Ẹṣin rẹ̀."

"Verlyn, nígbà tí èmi àti Stan ọkọ mi dé lọ́dún 1962, òwú ló wà níbi igi yẹn. Mo máa ń rìn gba ibẹ̀."

"Ardith mi," Verlyn dáhùn, ní ohùn tó fi ń bá àwọn tó fẹ́ ta ilé wọn ní ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀, "ọjọ́ ti lọ. Gbogbo wa là ń gbàgbé nǹkan. Ṣé o rántí ibi tó o gbé mọ́tò rẹ sí báyìí?"

"Èmi ò gbé mọ́tò wá. Tìẹ ló dí mi lọ́nà níta."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò gbà á gbọ́. Ká sòótọ́, a kò fẹ́ gbà á gbọ́. Òwú kò ṣeé yà sára òǹtẹ̀. Bàbá ńlá tó ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀ dùn jù ú lọ.

Gordon Tveit, olórí ìlú, ọmọ Minnesota tó máa ń tọrọ àforíjì kó tó sín, ní, "Ẹ forí jì mí, Verlyn. Ẹ̀rí díẹ̀ ni mo ń wá. Ohunkóhun."

"Ó gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí i lára," ni Verlyn wí, ọ̀rọ̀ náà sì ti jáde kí òun pàápàá tó gbọ́ ọ. "Lápá ẹ̀yìn. Lọ́wọ́ ọgbà mi."

Inú gbogbo wa dùn. Ìgbìmọ̀ ní àwọn yóò ṣe ìpàdé gbangba lábẹ́ igi náà lọ́jọ́ Sátidé, wọn yóò ṣí aṣọ lójú orúkọ náà, wọn yóò fi Verlyn jẹ oyè Àrólé Olùdásílẹ̀, wọn yóò sì dìbò pé kí títì yà fún igi mímọ́ náà. Ibi tí yóò yà gbà, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Ardith dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílé.

Bí ilẹ̀ Sátidé ṣe mọ́, Verlyn wọ ẹ̀yìn igi náà pẹ̀lú òòlù, irin ìgbẹ́gi kan, àti ife gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí tí yóò fi pa ojú ọgbẹ́ náà kó lè dà bí ti ọdún 1871. Òfin ìpínlẹ̀ wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan ya igi ọrọ́ lára, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Irin tó mú dání wá láti inú irinṣẹ́ ìpolówó rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i láti ara èèkù.

Ó lu irin náà lẹ́ẹ̀kan. *Kóó*, bí ẹni lu garawa.

Ó dúró. Ó fi ọwọ́ kan igi tó ti ń júwe fún àlejò láti ọjọ́ yìí wá. Ike ni. Ẹ̀gún rẹ̀ pàápàá jẹ́ ike, ó rọ̀ bí irun búrọ́ọ̀ṣì.

Ẹlòmíràn ì bá lọ sílé lọ ṣàìsàn. Verlyn rò pé àwọn tó kọ́ àdúgbò ló fi ike ṣe igi náà lọ́ṣọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe fi ike ṣe àwọn àpáta iwájú ilé wa. Tá a bá ní ká wò ó, ta ló máa fọwọ́ kàn án? Láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀, ta ló fọwọ́ kàn án rí? Ó gbẹ́ S. Ó gbẹ́ T. Ó ń parí R ni nǹkan kan já nínú igi náà, *táú*, irin sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ré sínú lọ. Kíkùn tó ń ti inú àpótí irin wá dákẹ́. Verlyn fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí pa ojú ibẹ̀, ó ta aṣọ bò ó, ó sì lọ wẹ̀.

Aago mẹ́jọ ni ìpàdé, kí oòrùn tó bínú. Ṣùgbọ́n ìlú ti dojú rú kí aago mẹ́jọ tó lù, nítorí fóònù kankan kò lọ. Ìlú tí gbogbo ilé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan, tí gbogbo òpópónà rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ òdòdó tí kò lè hù níbẹ̀, kò ṣeé rìn láìsí fóònù tó ń júwe ọ̀nà. Ẹgbẹ́ onífèrè ilé ìwé gíga lọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n fọn gbogbo orin wọn tán níbẹ̀. Onílé pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwọn tó ti gbé ogún ọdún nínú ìlú náà ń tẹ̀ lé ara wọn yípo, oníkálùkù rò pé ẹni tó wà níwájú mọ ọ̀nà.

Síbẹ̀ a dé. Verlyn ti fi okùn yí igi náà ká.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o," ó ń sọ fún wa. "Ó ti dàgbà. Ara ń ro ó."

Ó ṣí aṣọ. A na ọrùn.

"Kí ni STR?" Ardith béèrè.

"Stroud ni. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìyẹn."

"Kí ló dé tí ò parí ẹ̀?"

"Ooru mú wọn."

Gbogbo wa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní Agua Larga, kò sí ohun tí ooru kò lè ṣàlàyé. Òun ló ń fà á tí a kì í fi í dé ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló sì tú ìgbéyàwó ìdajì wa ká.

"Ẹ forí jì mí," ni Gordon Tveit wí, "ẹ jẹ́ ká dìbò. Àwọn tó fẹ́ kí títì yà fún igi yìí, ẹ nawọ́."

Àwọn méje ló wà nínú ìgbìmọ̀. Ọwọ́ kan gòkè, ìkejì tẹ̀ lé e, ìkẹta gòkè. Verlyn wo Ardith. Kò rí ìbínú lójú rẹ̀. Ó kàn ń wo ọwọ́ àwọn ènìyàn náà bí ẹni tó ń wo omi tó ń kún bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Nǹkan kan gún Verlyn nínú, ṣùgbọ́n ó rò ó mọ́ bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ kẹrin ń gòkè bọ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò fi bá a. Irọ́ Verlyn kò tó oṣù kan, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ni òtítọ́ sì gbé wá. Ó fọn fèrè. Ọmọbìnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú àkàbà, akoto lórí rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ fún mi," ó ní. "Òpó yìí ni mo wá tún ṣe."

"Òpó wo?" olórí ìlú bi í.

"Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n kàn fi ike ṣe é bí igi ọrọ́ kó má baà ba ojú ìlú jẹ́ ni." Ó gba abẹ́ okùn wọlé, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó kì í bọ ìdí igi ọrọ́ bàbá ńlá Verlyn, ó sì ṣí ilẹ̀kùn kan tó tó ènìyàn gbà kọjá. Wáyà ló kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Ọwọ́ kẹrin dúró sójú ọ̀run. Nígbà tó ṣe, ẹni tó ni ín fi họ orí.

"Ó ṣeé ṣe," ni Verlyn wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, "kó jẹ́ pé igi yẹn ló dàgbà yí òpó náà ká."

"Lọ́dún 1871," ni Ardith wí. "Àwọn ẹṣin ló ń pe ara wọn lórí fóònù nígbà náà."

Ọmọbìnrin náà ti na ọwọ́ sínú wáyà. "Ẹnìkan ló gé okùn yìí," ó ní. "Irinṣẹ́ ẹ̀ nìyí." Ó fa irin ìgbẹ́gi náà jáde, ó yí èèkù rẹ̀ sókè, ó wo àwòrán tó wà lára èèkù náà, ó wo Verlyn, ó tún wo àwòrán. "Sà, tiyín ni mo rò pé ó jẹ́. Ẹ bá mi di àkàbà yìí mú."

Kí ni kó ṣe? Ó dì í mú. Àrólé Àwọn Tó Kọ́kọ́ Dé di àkàbà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, fìlà darandaran rẹ̀ sì ń yọ̀ bọ̀ sójú rẹ̀ láìsí ọwọ́ tí yóò fi gbé e sókè.

Ẹnìkan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láàárín wa, gbogbo wa sì gbà á. Àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ kó tó yí padà sí wa lára. Ọkùnrin kan rántí pé òun ti di igi náà mọ́ra lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun. Olùkọ́ kan rántí pé òun máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá síbẹ̀ lọ́dọọdún wá ka ọjọ́ orí rẹ̀. Gordon Tveit wo òǹtẹ̀ ìlú tó wà ní àyà rẹ̀, níbi tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti na apá méjì sókè, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òǹtẹ̀ náà.

"Ẹ jẹ́ ká tún dìbò," ó ní. "Àwọn tó fẹ́ kí títì gba ọgbà Verlyn, kí ilé Ardith sì wà níbi tó wà."

Ọwọ́ méje gòkè. Ardith wò wọ́n dáadáa, ó mí kanlẹ̀, ó wá wá ibì kan jókòó sí.

Ọmọbìnrin náà so okùn pọ̀. Bí ó ti so ó, gbogbo fóònù tó wà níbẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ènìyàn da ìkòkò ṣíbí nù. Àwọn tó ti ń gba àwòrán ìpàdé sílẹ̀ láti àárọ̀ fi ránṣẹ́ jákèjádò, Verlyn, àkàbà, àti ohun gbogbo. Kò pẹ́ tí fóònù Verlyn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lápò rẹ̀. Kò lè fi àkàbà sílẹ̀.

"Ṣé kí n bá ẹ gbé e?" Ardith béèrè. Kò dúró gbọ́ èsì kó tó tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti gbọ́.

Lavonne ni, ẹ̀gbọ́n Verlyn ní Nebraska, tí Verlyn fúnra rẹ̀ ti sọ fún pé kó jókòó ti fóònù láti wo bí wọ́n ṣe ń fi òun joyè.

"Verlyn, bàbá ńlá wa wo lò ń sọ?" ni Lavonne wí. "Ṣé èyí tó ń fá irun fún ènìyàn ní ìlú Hastings níbí, tí kò wọ ọkọ̀ ojú irin títí ó fi kú torí pé èébì ń gbé e?"

"Lavonne," ni Verlyn wí láti abẹ́ fìlà rẹ̀, "mi ò gbọ́ ẹ dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí."

"Irọ́ ni," ọmọbìnrin orí àkàbà dáhùn. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe tán. Ketekete là ń gbọ́ wọn."