Raymond Wo Ẹyin Dúdú, Kò Rí Nǹkan Kan

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà mí. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bèèrè ládùúgbò wa ní Agbonou.

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Kòkúmọ́ lánàá. Màmá Àmírátù tó ń ta ata lọ́jà ló gbé e wá. Ẹyin kan ṣoṣo ló dì mọ́ àyà kí òtútù má baà mú un, ẹyin tó dúdú bí èkùrọ́. Adìyẹ tí ìyá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló yé e, irú ẹ̀ ò sì sí nílé ẹlòmíì. Sẹ́míjàn kan, ọlọ́kadà tó ń gbé èrò, ló fi alùpùpù pa adìyẹ náà, ni màmá bá kó ẹyin tó ń sàba lé lọ fún Raymond.

Raymond ní páálí tó fi gílóòbù iná sí kó lè máa móoru, ibẹ̀ ló ti ń bá àdúgbò pa ẹyin. Tó bá yá, á fi tọ́ọ̀ṣì wo inú wọn. Èyí tó bá lọ́mọ, ti olówó ẹ̀ ni. Èyí tí ò lọ́mọ, Raymond á jẹ ẹ́, ìyẹn lowó iṣẹ́ ẹ̀.

"Bàbá, ó ti jẹ ìdílé adìyẹ wa tán," Màmá Àmírátù sọ. "Èyí nìkan ló kù."

"Músíọ̀ Raymond, ṣé o jẹ wọ́n?" Baálẹ̀ bi í.

"Mo jẹ wọ́n, Bàbá. Mo tan iná sí wọn, mi ò rí nǹkan kan. Ibi tí èèyàn ò ti rí nǹkan, kí ló wà níbẹ̀?"

"Èèpo ẹ̀ ló dúdú, ìwọ ọ̀kánjúwà yìí," màmá dá a lóhùn.

"Ṣé èmi ni mo kùn ún ni?"

Wọ́n pe Christophe, aládùúgbò tó bá a mú tọ́ọ̀ṣì.

"Ṣé tọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́lẹ̀?" Baálẹ̀ bi í.

"Ó mọ́lẹ̀ bí oòrùn, Bàbá. Kí bátìrì ẹ̀ tó kú."

"Ìgbà wo ni bátìrì kú?"

"Kó tó kan ẹyin."

"Ṣé ìwọ náà jẹ níbẹ̀?"

"Díẹ̀ ni, Bàbá. Ata ẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ó wá kan Jacqueline, ìyàwó Raymond.

"Èmi ni mo dín in, Bàbá. Àlùbọ́sà ni mo kọ́kọ́ gé."

"Ìgbà wo lo gé e?"

"Kí wọ́n tó lọ wo ẹyin ni. Ọkọ mi ló ní kí n máa gé e lọ."

"Jacqueline, ilé kan náà la ń gbé o," Raymond sọ.

"Ilé náà ni mo ti gé e. Bàbá, mo fọ́ ọ̀kan, mo rí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀. Mo sọ fún un, ó ní kí n fi ata bò ó. Ni mo bá yọ ọ̀kan pamọ́, mo gbé e fún màmá."

Ìjòyè Ṣàngówáwa gba ẹyin náà, ó gbé e síwájú iná, ó wò ó títí. "Èmi náà ò rí nǹkan kan," ló wí. Ojú Màmá Àmírátù fà ro.

Baálẹ̀ dá a padà fún un. Ó ní, "Raymond, gbé páálí ẹ fún màmá. Láti òní lọ, inú ìkòkò dúdú ni Jacqueline á máa gbé oúnjẹ ẹ sí, á sì dé e pa. Ìwọ á tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ìta. Tó o bá rí oúnjẹ nínú ẹ̀, jẹ ẹ́. Tó ò bá rí i, a jẹ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Kí wọ́n gbé ìkòkò tó ṣófo yẹn fún Màmá Àmírátù. Christophe ni á máa ra bátìrì."

"Títí dìgbà wo, Bàbá?"

"Títí ọmọ inú ẹyin yìí náà á fi yé ẹyin dúdú."

"Tó bá wá jẹ́ àkùkọ ńkọ́?"

"A ó máa gbàdúrà fún ẹ."

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, Raymond lóṣòó ti ìkòkò, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó ní òun ń gbọ́ òórùn ẹja adágún odò Nangbéto. Ìránṣẹ́ Baálẹ̀ ní wíwò ni wọ́n ní kó wò, wọn ò ní kó gbóòórùn. Ìránṣẹ́ náà gbé ìkòkò lọ fún màmá. Màmá Àmírátù jẹ ẹ́, ó ní iyọ̀ ẹ̀ ṣe déédéé.

Tí irú ẹjọ́ báyìí bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tí ò bá mọ̀wé kọ, kó bẹ ọmọ ẹ̀.