Iyán tí Mo Jẹ Nídìí Kànga

Mo lè gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo jẹ iyán nílé Ìyá Bọ́lá, láéláé ni yóò máa wà lọ́kàn mi. Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa bu omi odò àti omi kànga láwọn abúlé tó súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ilẹ̀, kí n gbé e lọ fún àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí omi tí abúlé kan ń mu bá bàjẹ́, iléeṣẹ́ tó ń wa èédú ti tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn máa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wọn. Bí ó bá dáa, kóówá máa mu tiẹ̀ lọ.

Abúlé náà wà lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, níbi tí ọ̀kadà ti máa ń já èèyàn sílẹ̀ pé kó fẹsẹ̀ rin ìyókù. Odò ni mo kọ́kọ́ lọ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ kí n bu omi, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì jókòó sínú odò bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ìgbà tí mo máa dìde, ṣòkòtò mi ti pọ́n bí irin tó dípẹtà.

Ìyá Bọ́lá, opó àgbàlagbà tí gbogbo abúlé ń pọn omi kànga rẹ̀, rí mi, ó pàtẹ́wọ́. "Yéè! O wá bu omi, omi bù ọ́!" Ó fún mi ní ìró olódòdó kan kí n ró o, ó gba ṣòkòtò mi lọ fọ̀. Inú ìró yẹn ni mo wà tí mo fi bu omi kànga sínú ìgò mẹ́ta, tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí wọn lára. Omi náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

"Látìgbà tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ yìí ló ti dà báyìí," ó ní. "Inú sì ń run mí. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó dáadáa."

Ó wá bu ife kan fún mi gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ẹ̀rù bà mí, mo purọ́ pé mo ń gbààwẹ̀. Kò pẹ́ ló gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ jáde, ààwẹ̀ mi sì tú lójú ẹsẹ̀. Èmi tí mo sá fún omi kànga ń bu òkèlè ràbàtà, àfi bí ẹni pé ìrì ni wọ́n fi se iṣu!

"Ààwẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá, á yé Ọlọ́run."

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ojú ò gbọdọ̀ kúrò lára ìgò. Ẹ̀bá kànga ni mo fi tèmi sí. Nígbà tí mo yó, mo sùn, mo ń hanrun. Ìgbà tí mo jí, ìyá ti bá mi to ìgò sínú kúlà, ó ti dé e. Mo súre fún un, mi ò tilẹ̀ ṣí i wò.

Nígbà tí èsì dé, ọ̀gá mi ní omi kànga Ìyá Bọ́lá mọ́ ju èyí tí à ń mu lọ́fíìsì lọ. Ó yẹ kí n fura. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní Ọlọ́run tóbi, mo fọwọ́ síwèé, ìwé sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wa èédú.

Èmi náà ni wọ́n rán pé kí n lọ ka èsì fún wọn lábúlé. Mo kà á tán.

"Ó mọ́ kẹ̀?" Ìyá Bọ́lá ní. "Ọmọ mi, kì í ṣe omi kànga lo gbé lọ o."

Ó ní nígbà tí mo sùn, òun rí omi pípọ́n yẹn nínú ìgò tó mọ́ lóló, pẹ̀lú orúkọ òun lára rẹ̀, ojú sì ti òun. Ṣé irú omi bẹ́ẹ̀ ni òun máa fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀gá nígboro? Ló bá dà á nù, ó fọ ìgò, ó sì ra píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá dà sí i.

"Ìyá, kí ló dé?"

"Mo ṣe bí ìwọ tí o fojú ara rẹ rí i lo máa sọ fún wọn. Àṣé ìgò ni wọ́n ń bi léèrè?"

Ó wọlé, ó bu ife omi kànga wá, ife ọjọ́sí gan-an. "Ìwé rẹ ní ó mọ́. Àbí o tún ń gbààwẹ̀?"

Mo gbà á, mo mu ún tán. Ó kan lẹ́nu, ó sì ń rùn bí irin.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi, ó bú mi tẹ́rùn, ó ní ẹ̀pa ò bóró mọ́, àfi tí ìgbà àyẹ̀wò míì bá dé. Títí di òní, kò sí kànga ẹ̀rọ níbẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ni pé bí wọ́n bá rán èèyàn lọ wo nǹkan, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó rí, kó tó gbé ìgò kalẹ̀. Tí mo bá rántí ara mi nínú ìró olódòdó, tí mo ń hanrun nídìí kànga, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí pé ife kan péré ni mo mu, àràárọ̀ ni Ìyá Bọ́lá ń mu tiẹ̀.